Ọkọ̀ Gíga, Gbèsè Pùròpẹ́là: Bí Johannesburg Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Náà

Ọ̀dà tẹ́jú ní Auckland Park. Kingsway Avenue, ọ̀nà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Johannesburg, kò ní kòtò tó lè dẹ́rù ba ọkọ̀ kékeré. Àwọn òṣìṣẹ́ SABC, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba tí olú ilé rẹ̀ wà ládùúgbò náà, kò nílò ju mọ́tò lásán lọ láti dé ibi iṣẹ́. Síbẹ̀, bakkie tí wọ́n gbé sókè kò wọ́n nílùú yìí. Bakkie ni àwọn ará South Africa ń pe píkọ́ọ̀pù. Táyà rẹ̀ á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á sì di irin ẹnu ọ̀nà mú kó tó lè gun un. Àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e rìn lórí ọ̀dà. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá ẹrẹ̀ àti àpáta lọ.

Ohun tó di fàájì lónìí yìí, ọ̀ràn ẹ̀mí ni nígbà kan. Ogun ló kọ́ Johannesburg àti àwọn ìlú tó yí i ká ní iṣẹ́ náà. Apá tó sì le jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ti sípíríǹgì tí gbogbo ojú ń rí. Ti pùròpẹ́là ni, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí táyà. Gíga yòówù tí a bá gbé ọkọ̀ dé, pùròpẹ́là ló ń san owó rẹ̀.

Ní 1886 ni wọ́n rí góòlù ní Witwatersrand. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pín lára oko Braamfontein sí ilẹ̀ ìkọ́lé, John Landau tó wá láti New Zealand sì sọ ibẹ̀ ní Auckland Park, ní ìrántí ìlú Auckland. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ló ń kó ẹrù wọ ìlú góòlù nígbà náà. Àgbá kẹ̀kẹ́ náà ga, abẹ́ rẹ̀ sì jìnnà sílẹ̀, nítorí odò àti òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà. Gíga yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan, torí pé iwájú lagbára ti ń wá: màlúù ló ń fà á. Ní January 1897, John Percy Hess fi ọkọ̀ Benz àkọ́kọ́ tó dé ilẹ̀ náà han Ààrẹ Paul Kruger ní Pretoria. Agbára ti wọ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wàyí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ ga gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí agbára yóò fi sọ̀kalẹ̀ dé táyà.

Ìmọ̀ tó wà nídìí ọ̀nà náà ti pẹ́ ju mọ́tò lọ. Orúkọ Gerolamo Cardano, ará Ítálì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni àwọn aláwọ̀ funfun fi ń pe oríkèé tó ń jẹ́ kí irin méjì yí pọ̀ bí wọn ò tilẹ̀ nà gbọọrọ. Robert Hooke, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lo irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Ní 1904, Clarence Spicer bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà fún àwọn oníṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Kúrọ́ọ̀sì ni àwọn mẹkáníìkì tiwa ń pè é.

Bí irin méjèèjì bá wà lórí ìlà kan, wọ́n á yí bákan náà. Bí wọ́n bá tẹ̀ síra ní ìwọ̀n dígírì 20, èkejì kò ní yí déédéé mọ́: nínú ìyípo kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ ní bí ìdá 6 nínú 100, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sì fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Tó bá di dígírì 30, eré náà á lé ní ìdá 15, ìfàsẹ́yìn á tó ìdá 13. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ìdí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ á gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n, kúrọ́ọ̀sì á gbóná, gíríìsì á yọ́ jáde, irin inú rẹ̀ á sì máa lọ̀ di ìyẹ̀fun pupa tó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí pùròpẹ́là fi ń ní kúrọ́ọ̀sì méjì. Ohun tí ti iwájú bá dà rú, ti ẹ̀yìn ló ń tún un tò, bí igun méjèèjì bá dọ́gba, tí orí méjèèjì irin náà sì kọjú síbì kan náà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í fa pùròpẹ́là yọ láìkọ́kọ́ fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí irin méjì ti wọnú ara wọn. Bí ó bá gbàgbé ìlà yẹn, tó sì dá a padà ní eyín mélòó kan sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, oníbàárà á sì padà wá.

Ní 1938, ìjọba South Africa fẹ́ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ ogun onírin fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ náà tó lè dá a ṣe. Ohun tí wọ́n ní ni ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Ford pọ̀ ní Port Elizabeth láti àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ irin ISCOR ní Pretoria, àti ẹ̀ka Dorman Long, àwọn ará Bírítéènì tó kọ́ afárá ńlá Sydney, ní Germiston lápá ìlà oòrùn Johannesburg. Wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ṣáásì lọ́rí Ford wá láti Canada, ISCOR rọ páànù irin, Dorman Long àti Ford sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ti àkọ́kọ́, Mk I, 113 péré ni wọ́n ṣe. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìn rẹ̀ ń yí; ti iwájú kàn ń darí ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó tún ru ẹ̀wù irin, iyanrìn á gbé e mì.

Indianapolis ní Amẹ́ríkà ni ojútùú ti wá. Níbẹ̀ ni Walter Marmon àti Arthur Herrington ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1931. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń sọ lọ́rí Ford lásán di èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Irin wọn ni wọ́n ń tà: irin táyà iwájú tó ní dífù tirẹ̀ (ikùn tó ń pín agbára sí táyà ọ̀tún àti ti òsì), gíà kékeré tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, àti pùròpẹ́là tó so wọ́n pọ̀. Orúkọ wọn náà ni gbogbo ayé fi mọ ọkọ̀ ogun South Africa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé South Africa ni wọ́n ti tò ó.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ká kàn de nọ́ọ̀tì. Lọ́rí Ford ìgbà náà kò ní dífù níwájú. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé táyà méjèèjì. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn, tí wọ́n fi èyí tó ní ikùn sí i, ikùn náà á fẹ́ àyè lábẹ́ ẹ́ńjìn, iwájú ọkọ̀ á sì ní láti ga. Gíà tó ń pín agbára tún wá jókòó sáàárín ọ̀nà, nítorí náà pùròpẹ́là ẹ̀yìn tí Ford ṣe kò lè dúró bó ṣe wà. Mk II tí wọ́n ṣe báyìí jẹ́ 887. Nígbà tó kan Mk III, wọ́n dín àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kù láti íǹṣì 134 sí nǹkan bí 117. Ọkọ̀ kúkúrú rọrùn láti yí, kì í sì í tètè fi ikùn gbá òkìtì. Ṣùgbọ́n bí àyè láàárín gíà àti dífù bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni pùròpẹ́là ṣe ń dagun tó. Mk III tó jáde jẹ́ 2,630.

Aṣálẹ̀ Libya ni wọ́n ti dán wọn wò ní 1941. Páànù wọn tó nípọn jù kò ju mìlímítà 12 lọ, ìbọn tí wọ́n gbé wá láti ilé sì kéré. Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkè ọkọ̀ náà, wọ́n ń de ìbọn Breda tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì àti ìbọn ńlá Jámánì mọ́ ọn. Ẹrù pọ̀ sí i, abẹ́ ọkọ̀ ló sì rù ú.

Láti 1943, Mk IV dé. Wọ́n gbé ẹ́ńjìn lọ sẹ́yìn, wọ́n sì mú ṣáásì kúrò pátápátá. Ara irin rẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ ró. Ìgbà tí irin Marmon-Herrington wọ́n, wọ́n yíjú sí ti lọ́rí Ford F60L láti Canada, wọ́n sì pe ìyẹn ní Mk IVF. Àpapọ̀ gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí, láti Mk I dé Mk IV, jẹ́ 5,746. Ẹni tó bá ń gbé Auckland Park kò ní rìn jìnnà kó tó rí wọn: wọ́n wà ní ilé àkójọ ohun ogun tí Jan Smuts, olórí ìjọba nígbà náà, ṣí ní Saxonwold ní 1947.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Land Rover jáde ní Amsterdam. Àwọn àgbẹ̀ South Africa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, iṣẹ́ gbígbé ọkọ̀ sókè sì bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Suzuki SJ410 ti àwọn ọdún 1980 ló fi bó ṣe ń rí hàn jù. Abẹ́ irin táyà ni sípíríǹgì rẹ̀ wà láti ilé-iṣẹ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e sórí irin náà, ọkọ̀ á sì fi ohun tó lè ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ga lẹ́ẹ̀kan náà. Pùròpẹ́là tó tó tẹ́lẹ̀ á wá kúrú. Wọ́n á fi abala irin nínípọn há àárín òun àti dífù kó lè dé ibẹ̀. Igun ṣì kù. Àwọn kan á yí ẹnu dífù sókè díẹ̀, wọ́n á sì fi kúrọ́ọ̀sì méjì tó so mọ́ra sí ẹ̀gbẹ́ gíà. Fún ọkọ̀ tí pùròpẹ́là rẹ̀ pín sí méjì, bíárìn àárín ni wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀.

Ìjọba àpáàtáìdì gba ọ̀nà mìíràn. Bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ààlà Namibia mú kí wọ́n ṣe Buffel lórí ṣáásì Unimog ti Jámánì lópin àwọn ọdún 1970. Irin táyà Unimog ga ju àárín táyà lọ. Gíà kékeré tó wà lẹ́nu táyà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ agbára kalẹ̀. Ọkọ̀ ga, dífù rẹ̀ náà ga, pùròpẹ́là kò sì dagun. Casspir tẹ̀ lé e láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ CSIR, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba, ní Pretoria. Ní àwọn ọdún 1980, ó ń wọ Soweto pẹ̀lú ọlọ́pàá nínú rẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Auckland Park ní January 1976 ń sọ ìròyìn náà bí ìjọba ṣe fẹ́.

Apá tiwa ní Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna nígbà náà kún gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń fà. Ní 1980, Henry Dangel ní Alsace, ilẹ̀ Faransé, gbé 504 tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà jáde. Ìlànà kan náà ni: abẹ́ gíga, dífù iwájú, gíà tó ń pín agbára, pùròpẹ́là tuntun.

Ní 2019, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Ranger Raptor tí wọ́n ṣe ní Silverton ní Pretoria. Abẹ́ rẹ̀ fi mìlímítà 283 jìnnà sílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, àwọn tó yà á ló sì ti ṣírò igun rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ṣáásì rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíì ń gbé sókè ní Germiston ti wá ń gbé tirẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Àmọ́ owó Raptor kò sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àwọn tó ní Hilux àti Land Cruiser àtijọ́ ṣì ń gbé pùròpẹ́là wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé e, tó ń jó o pọ̀, tó sì ń yí i lórí ẹ̀rọ láti mọ ibi tó ti wúwo jù, kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sábẹ́ ọkọ̀.