Ọ̀rọ̀ Rere àti Ọwọ́ Olórin: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Rachmaninoff

Ǹjẹ́ ẹni tí ó ń kọ́ ohun èlò orin lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ tu ọkàn rẹ̀ lójú, títí yóò fi dà bí ẹni tí ó ń tòògbé, kí iṣẹ́ náà lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

James Braid, oníṣẹ́-abẹ kan ní Manchester, kọ ìwé lórí irú oorun yìí ní 1843. Àlàyé rẹ̀ ni pé kì í ṣe agbára kan tí ó ń ti ara oníṣègùn jáde ni ó ń mú un wá, bí kò ṣe ọkàn ẹni tí a ń tọ́jú gan-an.

Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Sergei Rachmaninoff gba ẹ̀bùn wúrà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Mọsko ní 1892. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe símfónì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní St. Petersburg ní 1897, eré náà bàjẹ́, àwọn alárìíwísí sì bù ú kù. Ìrẹ̀wẹ̀sì mú un. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kò lè kọ orin ńlá kankan. Ní 1900 ó tọ dókítà Nikolai Dahl lọ, ẹni tí òun náà jẹ́ olùfẹ́ orin. Rachmaninoff ròyìn pé bí òun ti ń tòògbé lórí àga ni Dahl ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ: òun yóò kọ orin, iṣẹ́ náà yóò rọrùn, yóò sì dára. Ní 1901, òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ píánò nígbà tí wọ́n ṣe kọnṣẹ́tò rẹ̀ kejì lódindi ní Mọsko. Dahl ni ó fi orin náà dá lọ́lá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn fi ọgbọ́n yìí lé aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Émile Coué (1857–1926), apoògùn ilẹ̀ Faransé, ní kí ènìyàn máa wí ọ̀rọ̀ rere fún ara rẹ̀ nígbà 20 láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó máa fi okùn oníkókó 20 kà á. Ní 1932, Johannes Schultz, dókítà ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé jáde tí ó kọ́ni bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́, kí á máa wí nínú ọkàn pé apá wa wúwo, pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, títí ara yóò fi dẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àkíyèsí pé Dahl kò kọ́ Rachmaninoff ní píánò. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ láti èwe. Ìbẹ̀rù ni ó dè é, ọ̀rọ̀ sì tú ìdè náà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n obì gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpò ná. Ìdánrawò ojoojúmọ́ ni ó ń fi í síbẹ̀.