Nígbà Tí Olówó Gbọ́ Èdè Onímọ̀: Ìtàn Genentech, 1976

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, àmọ́ ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù, tí ẹ ń rò ó pé ìwádìí yín lè di iléeṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bí àwa tí à ń ṣe PhD ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Láàrin ara wa, kò burú. Àmọ́ ẹni tó lówó lọ́wọ́ kì í sábà mọ ijó ògìdìgbó. Tí ìlù ò bá yé e, kò ní jó, kò sì ní náwó fún onílù. Ìwádìí tó lè gba ẹ̀mí là á wá kú sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà kan tí ìlù náà yé olówó.

Ní 1973, Herbert Boyer ti yunifásítì UCSF ní San Francisco àti Stanley Cohen ti Stanford fi hàn pé èèyàn lè gé DNA láti ibì kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, kó fi sínú bakitéríà, kí bakitéríà náà sì máa bí i sí i. Nígbà yẹn, insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún sára, inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń fà á yọ. Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé: ṣé a lè mú kí bakitéríà máa ṣe insulin èèyàn fún wa?

Robert Swanson, ọmọ ọdún 28, ló fẹ́ fi ìbéèrè yìí ṣòwò. Ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì àti ìṣàkóso òwò ní MIT. Ó ti ṣiṣẹ́ rí lọ́dọ̀ Kleiner & Perkins, àwọn tó ń dókòwò sára iléeṣẹ́ tuntun, àmọ́ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń pe àwọn onímọ̀ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ fún un pé ọjọ́ náà ṣì jìnnà. Ní January 1976, Boyer ní kó wá, òun á fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí mẹ́ta nídìí ọtí bíà. Kò pẹ́ sígbà yẹn, oníkálukú wọn yọ $500 sílẹ̀. Nígbà tó di April, wọ́n ti forúkọ Genentech sílẹ̀.

Swanson wá mú Boyer lọ sọ́dọ̀ Tom Perkins, ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́. Perkins kì í ṣe onímọ̀ bàólójì. Kò bi Boyer léèrè bí wọ́n ṣe ń gé DNA. Ohun tó béèrè ni irinṣẹ́ tí wọ́n nílò, ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa gbé, bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i, àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Boyer dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò dá Perkins lójú rárá pé iṣẹ́ náà máa ṣeé ṣe, àmọ́ ó rí i pé ọkùnrin yìí mọ ohun tó fẹ́ gbìyànjú, ó sì mọ ibi tó ti lè já.

Swanson ń wá nǹkan bí $500,000 láti fi kọ́ láàbù, kó sì gba òṣìṣẹ́. Perkins ní ewu yẹn ti pọ̀ jù, pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn láàbù tó ti wà nílẹ̀ ná: ti Boyer ní UCSF, àti ti Arthur Riggs pẹ̀lú Keiichi Itakura ní City of Hope, nítòsí Los Angeles. Bí $100,000 ṣe tó nìyẹn. Perkins fi gba ìdá mẹ́rin iléeṣẹ́ náà.

Ó ku ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Swanson ń fẹ́ insulin ní kíá, torí ibẹ̀ lowó wà. Àwọn onímọ̀ ní rárá, ẹ jẹ́ ká fi somatostatin bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀: amino acid 51 ló wà lára insulin, okùn méjì ni wọ́n sì sín wọn sí. 14 péré ló wà lára somatostatin, lórí okùn kan. Kò sí ọjà gidi fún un, àmọ́ tí bakitéríà bá lè ṣe kékeré yìí, iyèméjì tó tóbi jù ti kúrò nílẹ̀. Ó pẹ́ kí Swanson tó gbà, àmọ́ nígbà tó yé e, ó gbà. Riggs àti Itakura ti tọrọ owó lọ́wọ́ NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí ìlera, fún somatostatin yìí kan náà, wọn ò rí i gbà.

Ní 1977, wọ́n dán an wò, wọn ò rí nǹkan kan. Bakitéríà ń ba somatostatin jẹ́ bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n wá so ó mọ́ pùrótéènì ńlá kan kó lè fi í bo ara, ó sì bọ́ sí i. Ní 1978, wọ́n ṣe insulin, wọ́n sì bá Eli Lilly tọwọ́ bọ̀wé. Ní 1982, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún títà. Lónìí, ó ṣeé ṣe kí irú insulin èèyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú fíríìjì màmá tàbí bàbá ẹnì kan nínú wa.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ rèé. Àwa máa ń rò pé tí a bá fẹ́ bá olówó sọ̀rọ̀, àfi ká fi oyin sí i: ọjà tó tóbi, síláìdì tó ń dán, ìlérí repete. Àwọn Boyer ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì dárúkọ iye tó máa ná wọn láti mọ èyí àkọ́kọ́. $100,000 Perkins kò ra oògùn kankan. Ìdáhùn sí ìbéèrè kan ló rà. Ẹni tó bá lè sọ ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ ti lè bàjẹ́, òun ni olówó máa gbà gbọ́ nígbà tó bá sọ ibi tó ti lè dára.

Àmọ́ o, igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Láti inú láàbù yunifásítì ni Genentech ti dìde, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni kín ni ò sì tán bọ̀rọ̀. Ẹjọ́ lórí homonu ìdàgbàsókè dé kóòtù, ó sì di 1999 kí Genentech tó gbà láti san $200 mílíọ̀nù fún University of California. Kí ọ̀rọ̀ yín tó ṣe kedere sí olówó, ẹ jẹ́ kó ti ṣe kedere láàrin ẹ̀yin àti iléèwé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Leeds, ní Toronto, ní Houston, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbìyànjú nǹkan kan lálẹ́ òní. Ẹ fi Yorùbá kọ gbólóhùn méjì péré: kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó lè ba ìwádìí yín jẹ́, èló ló sì máa ná yín láti mọ̀? Tí ìyá yín bá gbọ́ ọ, tó sì yé wọn, ẹ ti lè lọ bá olówó. Mò ń retí tiyín nísàlẹ̀ níbí o.