Bí oúnjẹ Jàpáànù ṣe dé ẹ̀gbẹ́ títì ní Igbó-Ọrà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́tò súṣì Victoria Island gún wa lójú ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kú ìgbádùn o. Ẹnìkan bi mí lánàá pé ṣé a ní ilé oúnjẹ Jàpáànù kankan ní Igbó-Ọrà. Mo ní a ní in, ó pọ̀ bí eṣú. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Jàpáànù ni mo wí o, kì í ṣe jápa.

Ilé oúnjẹ tí mò ń sọ kò ní ògiri. Tábìlì onípákó kan ni, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn méjì, sítóòfù, agolo mílíìkì àti Milo tí wọ́n tò léra wọn bí ilé alájà, kéréètì ẹyin, àti páálí Indomie nísàlẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Máíṣáyì ni. Èdè Haúsá ni orúkọ yẹn, ẹni tó ń ta tíì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti Pàkò dé Ìgbólé, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí àwọn ìyá alámàlà ti palẹ̀ mọ́, ibẹ̀ niná ṣì wà. Wá wò ó dáadáa: ọmọ Haúsá ló ń sè é, òkè òkun ni àlìkámà inú rẹ̀ ti wá, Jàpáànù lẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án wà, àwa ọmọ Ìbàràpá là ń jẹ ẹ́ lágogo mọ́kànlá òru.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jàpáànù ná.

Ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ebi sì ń pa wọ́n níbẹ̀, ebi gidi. Amẹ́ríkà ń kó ìyẹ̀fun àlìkámà ránṣẹ́, ìjọba wọn sì ń rọ aráàlú pé kí wọ́n máa fi jẹ búrẹ́dì. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Momofuku Ando. Taiwan ni wọ́n ti bí i ní 1910, nígbà tí Jàpáànù ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn kò yé e. Ó ní ṣebí àwa náà ní oúnjẹ tí à ń fi ìyẹ̀fun ṣe, rámẹ̀n wà níbẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ búrẹ́dì? (Rámẹ̀n fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti mú un. Torí náà ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “oúnjẹ ìbílẹ̀” dẹ́rù bà yín, gbogbo ayé ló ń yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn.)

Ando kọ́ ahéré kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìlú Ikeda, lẹ́bàá Osaka. Ohun tó ń wá ni núdù tó máa gbẹ, tí kò ní bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé omi gbígbóná nìkan lo máa fi sọ ọ́ di oúnjẹ. Ìtàn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ ni pé níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń din témpúrà ni ojú rẹ̀ ti là. Bí nǹkan oníyẹ̀fun bá bọ́ sínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ á sá jáde, á sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti din àkàrà rí ti rí bó ṣe ń hó yẹn. Tó o bá wá da omi gbígbóná lé e lórí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, inú àwọn ihò yẹn lomi á gbà wọlé padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi táa ti ń sọ pé ó yá kíákíá, òróró ló ti ṣiṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1958 ló gbé e jáde. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni owó rẹ̀: yẹ́ẹ̀nì 35, nígbà tí núdù tútù tí wọ́n ń tà nígboro kò ju yẹ́ẹ̀nì 6 lọ. Oúnjẹ olówó ni Indomie kọ́kọ́ jẹ́! Ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn dá sí i ni ó tó di oúnjẹ mẹ̀kúnnù.

Ní Indonesia ni orúkọ Indomie ti bẹ̀rẹ̀, ní 1972. Ilé iṣẹ́ Tolaram ló kó o wọ Nàìjíríà ní 1988. Ẹ fi àmì sí ọdún yẹn. Ìgbà Babangida ni, SAP ti wọlé, ìjọba sì ti fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú láti 1987. Ẹ bi àwọn òbí yín bí owó búrẹ́dì ṣe rí nígbà náà. Wọ́n ní ká gbin àlìkámà tiwa, àmọ́ ilẹ̀ àríwá nìkan ló lè so ó, ìyẹn náà pẹ̀lú omi odò tí wọ́n fà wọ inú oko. Ní 1992 wọ́n ká òfin náà kúrò. Ní 1995, ilé iṣẹ́ Indomie bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà, nípìńlẹ̀ Ògùn, kò sì jìnnà sí wa rárá. Wọn ò wá àgbà, ọmọdé ni wọ́n lọ bá nílé ìwé. Àwọn ọmọ yẹn ló dàgbà di àwa. Lónìí, orúkọ yòówù tí ì báà wà lára ọ̀rá rẹ̀, Indomie la ó pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Ará Jàpáànù kejì wà lórí tábìlì yẹn o, ẹ sì lè má fura sí i. Àjínómótò. Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, Kikunae Ikeda, ń wádìí ohun tó mú kí omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé inú òkun sè máa dùn bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó rí i, ó sọ adùn náà ní umami, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. “Orísun adùn” ni Àjínómótò túmọ̀ sí lédè wọn. Ilé iṣẹ́ wọn fìdí kalẹ̀ nílẹ̀ wa ní 1991, wọ́n dì í sínú ọ̀rá kéékèèké kí aláìlówó lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: nǹkan tí Ikeda rí nínú ewé òkun yẹn, ó wà nínú irú. Bí ìyá wa bá se ìyere, tí ó bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi yọ̀, ohun kan náà ló ń jáde. Àwọn ìyá wa ò kàn kọ ìwé nípa rẹ̀ ni.

Ibi tó ká mi lára nìyí. Ìbàràpá méje, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Igangan, Tápà, Ayétẹ̀, Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Ẹ̀rúwà, Lánlátẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá yà sí, ẹ ó bá láfún tí wọ́n sá sórí àpáta. Ìjọba Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti àlìkámà, ìdá 10 nínú 100. Jonathan tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ jáde. Ó tún rọlẹ̀. Bí àṣẹ yẹn bá dúró ni, oko bàbá ẹnìkan ní Ìdèrè ì bá wà nínú búrẹ́dì tí máíṣáyì ń fi ẹyin dín. Dípò bẹ́ẹ̀, bí náírà bá ṣubú, owó abọ́ kan á gbéra. Lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, ṣebí gbogbo wa la rí i.

Àwọn àgbà máa ń bú wa ní ọmọ Indomie. Wọ́n á ní ìlasa àti àmàlà láfún ló sọ Igbó-Ọrà di ìlú ìbejì, pé àwa máa bí ẹyọ kan. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó tíì fìdí ọ̀rọ̀ ìlasa yẹn múlẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo oníròyìn tó bá wá fún ọdún ìbejì ló ń tún un kọ. Èmi ń jẹ méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lórí bẹ́ǹṣì máíṣáyì, ọlọ́kadà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn àti kọ́pà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Enugu máa ń jókòó fara kanra, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ ta ni ọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn rámẹ̀n ẹ̀bá títì ṣe rí ní Jàpáànù lẹ́yìn ogun: kẹ̀kẹ́ kan, ìkòkò kan, àwọn òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa.

Ọ̀kan nínú àwọn máíṣáyì àdúgbò wa ti ń fi irú wooro sí i báyìí bí o bá bẹ̀ ẹ́. Ó ń run, ó sì dùn gan-an.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀: níbi tí máíṣáyì àdúgbò yín wà yẹn, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ kó tó dé? Ẹ bi màmá yín kẹ́ ẹ tó dáhùn.