Ìtàn Ìlẹ̀kẹ̀ Ṣíṣe àti Ìlẹ̀kẹ̀ Sínsín ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn Yorùbá máa ń pa á lówe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ nínú òwe yìí, wọn kì í sì bìkítà fún ohun tí ó ń sọ nípa ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀. Òwe náà fi yé wa pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kàn ń so mọ́ ara kiri. Ó ní ẹni tí ó tọ́ sí, ó sì ní ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Ọ̀rọ̀ títọ́ àti yíyẹ yìí ni òpómúléró ìtàn iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Asínlẹ̀kẹ̀ ayé àtijọ́ kì í dédé mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹnìkan ni yóò ti gbé àkòrí kan ka iwájú rẹ̀: ó lè jẹ́ òrìṣà kan, ó lè jẹ́ ọba tí ó fẹ́ gun orí ìtẹ́, ó sì lè jẹ́ ìyàwó tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Àkòrí yìí ni yóò sọ àwọ̀ tí ó lè lò àti èyí tí kò gbọdọ̀ lò. Láàrin ààlà yẹn ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ hàn. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkòrí kan lónìí pé kí olúkúlùkù fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ ọ́, tí a sì ń wo ta ni yóò gbégbá orókè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n àjèjì ni. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni pé: ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́ èdè tí ìlẹ̀kẹ̀ ń sọ?

TA NI Ó ṢE ÌLẸ̀KẸ̀ NÁÀ?

Kí a tó dé orí èdè ìlẹ̀kẹ̀, ó yẹ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tí ó ti fa àríyànjiyàn. Àwọn kan gbà fún ọjọ́ pípẹ́ pé ńṣe ni àwọn baba ńlá wa kàn ń ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àjèjì.

Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n dípò kí ó gbà pé àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn tí ó bá ní ìlú náà ni wọ́n ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ńṣe ni ó so ọnà Ifẹ̀ mọ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ àti ilẹ̀ Atlantis inú ìtàn àròsọ. Lójú tirẹ̀, Olókun kò yàtọ̀ sí Poseidon, òrìṣà òkun àwọn ará Gíríìkì. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ tí wọn kò sọ àsọdùn tó bẹ́ẹ̀ gbà pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní dígí òkèèrè ni wọ́n ń yọ́.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ kò yé jẹ́rìí. Orí idẹ tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 ń bẹ níbẹ̀. Ère ọba tí a fi idẹ ṣe, tí a rí ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957, wọ ìlẹ̀kẹ̀ jìngbìnnì sí ọrùn, àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹni tí ó mọ ère yìí mọ ìlẹ̀kẹ̀ ní àmọ̀dunjú, nítorí pé ó fi ìyàtọ̀ hàn láàrin èyí tí ó gùn, èyí tí ó rí roboto, àti èyí tí a sín ní ìṣùpọ̀.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó wá fi òpin sí àríyànjiyàn náà. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan, tí Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára wọn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi hàn pé àwọn èròjà tí ó wà nínú dígí Ifẹ̀, pàápàá jù lọ lime àti alumina, yàtọ̀ sí ti dígí ilẹ̀ Lárúbáwá, ti Yúróòpù àti ti Íńdíà. Dígí tí kò ní ẹlẹgbẹ́ níbòmíràn, ibi tí a ti bá a ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola tún wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 ni ó rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tí ó lé ní 800. Àbájáde tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé iṣẹ́ náà ti ń lọ ní pẹrẹu láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó dé etíkun wa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣókùnkùn mọ́. Wọn a yọ́ dígí nínú ìkòkò lórí iná iléru. Wọn a fà á nígbà tí ó ṣì rọ̀, títí yóò fi di ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ihò nínú. Wọn a gé ọ̀pá náà wẹ́wẹ́, wọn a sì tún fi iná rà á kí ojú ibi tí a ti gé e lè jọ̀lọ̀. Irú dígí yìí kan náà ni a ti rí ní Gao ní ilẹ̀ Mali. Èyí já sí pé kì í ṣe pé Ifẹ̀ ń ra ìlẹ̀kẹ̀ nìkan, Ifẹ̀ ń tà á pẹ̀lú.

ÒKÚTA PUPA ÌLÚ ÌLỌRIN

Kì í ṣe dígí nìkan ni Yorùbá fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Èèpo èkùrọ́ ni a fi ń ṣe lágídígba tí àwọn obìnrin ń lò sí ìdí. Òkúta pupa tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti apá òkè ni a sì fi ń ṣe lántànà. Ìtàn sọ pé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn oníṣẹ́ lántànà ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Ìlọrin, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Wọn a fi òòlù kékeré gbẹ́ òkúta náà, wọn a lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, wọn a sì máa yí i lórí ọlọ títí yóò fi máa dán. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ nígbà tí a ń lu ihò, òkúta a là, iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo a sì bọ́ sófo. Ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ òkè òkun kún ọjà, iṣẹ́ lántànà rẹ̀yìn.

ÀWỌ̀ GẸ́GẸ́ BÍ ÈDÈ

Àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni èdè Yorùbá mọ̀: funfun, pupa àti dúdú. Lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a ń kó gbogbo àwọ̀ yòókù sí. Ọwọ́ dúdú ni àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé sún mọ́; ọwọ́ pupa ni àwọ̀ idẹ àti àwọ̀ oyin wà. Èyí ni gírámà ìlẹ̀kẹ̀.

Funfun nìkan ni ti Ọbàtálá. Pupa àti funfun ni kele tí àwọn oníṣàngó ń fi sí ọrùn. Ìdè Ifá tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ babaláwo ní àwọ̀ ewé, èyí tí ó pọ́n rúsúrúsú sì ń tẹ̀lé e. Ti Ọ̀ṣun fara jọ idẹ àti oyin. Kò sí asínlẹ̀kẹ̀ tí ó lè wí pé àwọ̀ aró wu òun, kí ó fi sín kele. Bí ó bá ṣe é, kì í ṣe pé ó ṣe ohun tí kò dára lójú. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó sọ. Bí a bá yí ohùn orí ọ̀rọ̀ padà nínú èdè wa, ọkọ lè di ọkọ́, ọkọ́ sì lè di ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlẹ̀kẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n gírámà kì í pa ẹnu akéwì mọ́. Akéwì méjì lè lo ọ̀rọ̀ kan náà kí ewì wọn má sì jọra. Bí a bá gbé pupa àti funfun fún asínlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan lè tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òmíràn lè tò wọ́n ní mẹ́fàmẹ́fà, ẹlòmíràn lè sín okùn mẹ́ta kí ó sì ta wọ́n ní kókó sí ibì kan ṣoṣo. Gbogbo wọn sọ ohun kan náà, ohùn wọn kò sì jọra. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́.

Iyì tí ìlẹ̀kẹ̀ ní hàn nínú orúkọ tí a ń sọ ọmọ. Orúkọ bí Iyùnadé àti Sẹ̀gilọlá kò ṣẹ̀yìn iyùn pupa àti sẹ̀gi aláwọ̀ aró. Ní ọdún 1929, nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn obìnrin arẹwà kan sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, Sẹ̀gilọlá ni ó pe orúkọ rẹ̀. Òǹkàwé tí ó mọ sẹ̀gi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè bí obìnrin náà ti rí.

ADÉ: ÀKÒRÍ TÍ Ó GA JÙ

Nínú gbogbo àkòrí tí a lè gbé ka iwájú oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, kò sí èyí tí ó tó adé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ láti Venice àti Bohemia pọ̀ wọ ilẹ̀ wa. Dípò kí ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì yìí pa ọnà adé, ńṣe ni àwọn oníṣẹ́ adé sọ ọ́ di ohun èlò tiwọn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ti kéré tó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ tó, ni wọ́n ń rí àyè ya àwòrán sí ara adé tó.

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí, ìdílé Adéṣínà ibẹ̀ sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ara imọ̀ ọ̀pẹ hun egungun adé bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀. A fi aṣọ tí a ti rẹ sínú sítáàṣì bò ó, kí ó lè gbẹ kí ó sì le. Irú aṣọ kan náà ni a fi ń mọ ojú ènìyàn àti ẹyẹ tí ó bà lé ṣóńṣó orí adé. Lẹ́yìn èyí ni a ó sín ìlẹ̀kẹ̀ sí ojú òwú, àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, tí a ó sì fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ aṣọ ní ìlà-ìlà. Ní ìkẹyìn ni a ó so ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀ǹwọ̀nwọ́n tí yóò bo ojú ọba, kí ará ìlú má baà máa wo ojú ẹnìkan, bí kò ṣe ojú ipò.

Bí adé ti lágbára tó hàn ní ọdún 1903. Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ ní Rẹ́mọ lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Ìjọba amúnisìn ní àṣẹ, ó sì ní ọmọ ogun, ṣùgbọ́n kò ní ìmọ̀ tí ó lè fi dá ẹjọ́ náà. Gómìnà MacGregor ní láti bẹ Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní pé kí ó wá sí Èkó. Ọọ̀ni wá, ó jẹ́rìí, ó sì sọ pé Ẹlẹ́pẹ́ kò sí lára àwọn tí adé tọ́ sí. Ìbéèrè inú òwe àwọn àgbà náà ni wọ́n gbé lọ sí iwájú gómìnà: ta ni ìlẹ̀kẹ̀ tọ́ sí?

ÌLẸ̀KẸ̀ RỌ́ ÒKUN KỌJÁ

Nígbà tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kò lè gbé sẹ̀gi tàbí iyùn dání. Gírámà àwọ̀ ni wọ́n gbé lọ sínú orí. Ní Cuba títí di òní, eleke ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà. Pupa àti funfun ṣì ni ti Ṣàngó, funfun ṣì ni ti Ọbàtálá, àwọ̀ oyin ṣì ni ti Ọ̀ṣun. Ní Brazil náà, olórìṣà a máa wọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bá òrìṣà rẹ̀ mu. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n bá ní ọjà ni wọ́n fi sín in. Ohun èlò yí padà, ọ̀rọ̀ kò yí padà.

LÁTI ÒṢOGBO DÉ KÍLÁÀSÌ

Ní ọdún 1964, Georgina Beier ṣe ètò ìkọ́ṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo. Lára àwọn tí ó lọ síbẹ̀ ni Jimoh Buraimoh, tí ó ń ṣètò iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Òun ni ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lórí adé, tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwòrán. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wo adé dáadáa yóò mọ ibi tí ìlà àti àwọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó lè dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún àwọn olùkọ́ kò fara sin. Nígbà tí a bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àkòrí kan, kí á kọ́kọ́ ní kí ó ka ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ó ti wà nílẹ̀: kí ni wọ́n fi ṣe é, àwọn àwọ̀ wo ni ó ní, ta ni ó tọ́ sí? Àwọn tí ó lè dáhùn nínú àwọn àgbà kò pọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá lọ kí a tó bi wọ́n, ọjà kò ní ṣaláìní ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ wa kò sì ní ṣaláìmọ̀-ọ́n sín. Ṣùgbọ́n yóò dà bí ẹni tí ó mọ ábídí kọ dáadáa, tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè tí ó ń kọ.