Opó, Ọkọ̀ àti Ọ̀nà Òkè ní Ilẹ̀ Òkun

Ìfáárà

Bí àlejò bá wọ ìlú Kàbà, "Òkun o" ni yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn onílé. Ìkíni yìí ni a mú tí a fi sọ àwọn Yorùbá ìhà àríwá-ìlà-oòrùn lórúkọ. Owé tí ó ni Kàbà wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ilẹ̀ wọn ti wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kogí. Ṣáájú ìgbà náà, Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni ilé ìyá mi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí léèrè bí àṣà ṣe ń yí padà. Wọ́n máa ń rò pé òfin tàbí ogun nìkan ni ó lè yí i padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ẹnì kan ṣoṣo náà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àṣà opó kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin nìkan. Ó tún máa ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. N ó fi ìtàn ọ̀nà ilẹ̀ Òkun, àti ìtàn ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó kọ́ ọkọ̀ wíwà lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà.

Opó àti òpó, ọkọ àti ọkọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ mi wà, èyí nì ni èdè. Opó ni à ń pe obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Òpó ni igi tí ó gbé ilé dúró. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ obìnrin sílé; ọkọ̀ ni ohun tí ó ń gbé ènìyàn rìn. Níhìn-ín pẹ̀lú, ohùn ni ó ṣe ìyàtọ̀. N kò sọ pé ọ̀kan ti ara èkejì jáde o. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ojú omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi àjẹ̀ ti igi gbígbẹ́ lórí omi ni a kọ́kọ́ sọ pé ó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun: a gbé ọkọ̀ kúrò lójú omi wá sórí ilẹ̀, a fi ayọ́kẹ́lẹ́ kún un, ẹni tí ó ń darí rẹ̀ sì ń jẹ́ awakọ̀ títí di òní.

Ní ti opó, ohun tí ó ń ṣe ni jíjókòó. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni yóò wọ̀, kò ní lọ sí ọjà, kò ní lọ sí òde. Iye ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ogójì ọjọ́ ni àwọn Onígbàgbọ́ ń kà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ti àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹbí ọkọ yóò jókòó sọ ọ̀rọ̀ ogún. Láyé àtijọ́, opó fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pín, nítorí pé àbúrò tàbí ìbátan ọkọ a máa ṣú u lópó.

Síbẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu kò fi opó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí ẹní. Ó sọ fún wa pé nígbà tí Ṣàngó wọlẹ̀, Ọya aya rẹ̀ kò jókòó. Odò ni ó dà, ó sì ń ṣàn. Odò Ọya náà ni ó ń kọjá lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀.

Ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè

Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Òkun. Bí a bá dúró ní Kàbà, òkè ni ojú wa yóò máa rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òkè wọ̀nyí ni odi àwọn ènìyàn náà. Àwọn jagunjagun Nupe láti Bídà ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìlú gun orí òkè lọ tẹ̀dó sí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, dé Kàbà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba Bídà pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìlú orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ìjọba ní kí wọ́n là.

Ẹ kíyè sí i pé àṣẹ ni ó la ọ̀nà náà. Iṣẹ́ ọba ni wọ́n fi ṣe é. Ṣáájú rẹ̀, ẹrù ń ba ènìyàn láti dá rìn, nítorí ìjínigbé. A máa kó ara jọ ni kí a tó lọ sí ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ń rìn ín lójoojúmọ́, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ni ó ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá: àwọn obìnrin Bùnú lókìkí nínú aṣọ híhun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò dé, ọkùnrin ni ó jókòó sí ìdí ìdarí rẹ̀. Obìnrin padà di èrò ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ kí mọ́tò tó dé.

Píjò tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò

Ní oṣù kejì ọdún 1994 ni ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ọkọ̀ Peugeot 504 funfun kan, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná. Bàbá nìkan ni ó ń wà á. Ìyá kò mọ̀ ju kí ó ṣí ilẹ̀kùn lọ.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ẹbí jókòó. Àbúrò olóògbé béèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní obìnrin kì í jogún ọkọ̀. Ìyá dìde, ó wọ yàrá, ó sì mú ìwé ọkọ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀, nítorí pé owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ni wọ́n fi rà á, oṣooṣù ni wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Àgbà ẹbí kan wá bi í pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò máa wà á fún ọ?" Ó dáhùn pé, "Èmi ni, bàbá."

Mo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Mo mọ̀ pé Ìyá kò mọ ọkọ̀ wà. Gbogbo wa ni a mọ̀.

Ó bẹ awakọ̀ àgbàlagbà kan tí ó ti ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn tipẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ènìyàn má baà máa wò wọ́n. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì da iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò June 12, epo sì di ọ̀wọ́n káàkiri Nàìjíríà. Ọkọ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá náà a máa lọ jókòó sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò máa yí jíà, láìtan iná sí i. Àwọn ará ilé ń sọ pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ dà á lórí rú.

Ní oṣù kẹwàá, ní ọjọ́ Sátidé kan, ó dá gbé ọkọ̀ jáde. Ó gba ọ̀nà Ìyàrà. Ní ìdajì òkè kan, ọkọ̀ kú. Ó tan án, ó tún kú; ní ìgbà kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ akóṣu kan ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wà á gun òkè." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní rárá. Ó ní kí ó kàn bá òun fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ki jíà kìn-ín-ní, ó fún un ní iná, ó sì rọra tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ títí tí ọkọ̀ fi gbéra. Ó gun òkè náà dé orí. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó dúró, ó gbé òkúta yẹn sínú búùtù.

Ó di Sátidé dé Sátidé. Ọ̀nà Ìyàrà, ọ̀nà Ògìdì, kò ní ẹnì kankan tí ó ń lọ bẹ̀ wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú mi dání. Èdè Owé ni ó fi dá mi lóhùn, bí mo ṣe lè kọ ọ́ ní èdè àjùmọ̀lò nìyí: "Rárá, ọmọ mi. Bí o bá jókòó tì mí, ìwọ ni n ó máa wa ọkọ̀ fún."

N kò lóye ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ó ti wa ayé fún àwọn òbí rẹ̀, fún ọkọ, fún ọmọ, fún akẹ́kọ̀ọ́. Lójú ọ̀nà òkè náà, kọ́nà tí ó bá yà, òun ni ó yà á. Bí ó bá sì fẹ́ padà, kò sí ẹni tí yóò bi í pé èé ṣe. Ohùn rẹ̀ tí ó ti rẹlẹ̀ láti oṣù kejì bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ní ọdún 1995, ó dá wa ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, nǹkan bí 80 kìlómítà, lọ béèrè owó àjẹmọ́nú ọkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Wọ́n ní kí ó padà wá, ó padà lọ. Wọ́n ní kí ó lọ mú ọkùnrin kan nínú ẹbí wá, ó ní òun ni òun wà níbẹ̀. Ní ìgbà keje, wọ́n san án.

Ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ, àti ohun tí ìtàn sọ

Ẹ lè sọ pé ìtàn ìdílé kan nìyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹni tí gbogbo wa mọ̀ wò ó. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1900, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Òun ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá láti ọdún 1947 lòdì sí owó orí, títí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Ní ọdún 1955, ó di opó. Ní ọdún kejì, ó ti dé ilẹ̀ Ṣáínà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kọ̀ láti sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ dọ̀tun. Ẹ rí i pé ọ̀nà náà ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni pé ìdarí ti wà lọ́wọ́ tirẹ̀ kí ikú tó dé.

Àwọn yòókù ńkọ́? Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti àpapọ̀ sọ pé gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, aya kò lè jogún ọkọ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ogún. Ní ọdún 1997, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjókòó ẹbí tí mo sọ lókè yìí, irú èrò bẹ́ẹ̀ tún jáde nínú ẹjọ́ Akinnubi. Ọdún 2014 ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ tó bu ẹnu àtẹ́ lu irú àṣà bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ opó kan láti ilẹ̀ Ìgbò. Ní ọdún 2015 ni òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá wá fi ìfìyàjẹ opó sínú ohun tí ó ní ìjìyà. Bí kì í bá ṣe ìwé ọkọ̀ tí orúkọ Ìyá wà lórí rẹ̀, òfin ọdún 1994 kì bá gbè é.

Ìkádìí

Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti ta Píjò náà tipẹ́, ó sì ra ọkọ̀ kékeré kan. Kò gba ọ̀nà òkè mọ́. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó dá a dúró. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Obajana ní nǹkan bí ọdún 2008, tírélà ti gba ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí sì ni àwọn ajínigbé tún gba inú igbó. Ohun tí ó lé àwọn baba ńlá wa gun orí òkè ti padà wá bá wa ní ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀nà tí opó kan gbà padà lọ́wọ́ àṣà, ẹ̀rù ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa, ọkùnrin àti obìnrin.

Nígbà tí mo lọ kí i ní Kérésìmesì tí ó kọjá, mo rí òkúta náà. Ó fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Mo bi í bóyá ó rántí awakọ̀ akóṣu yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí òun bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe, kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí opó bá wà nílé yín, ẹ má ṣe yára béèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀ fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá òkúta ni ó ń wá. Òkun o.