Àgbàrá Kò Ní Òun Ò Nílé Wó

Nígbà tí omi kọ́kọ́ ń ya wọlé ọmọ aráyé, ọmọ aráyé kò bá a jà. Ilé ló gbé ga. Ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Frisia ní etíkun Nẹ́dálándì ń kó amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù jọ di òkìtì, wọ́n sì ń kọ́lé sórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òpó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn Tòfinú tó sá fún akónilẹ́rú Dàhòmì ló tẹ Ganvié dó sórí ọ̀sà Nokoué, lẹ́bàá Kútọnu. Àwọn Ẹ̀gùn Mákòkó l'Ékòó ṣì ń kọ́lé bẹ́ẹ̀ dòní. Ogun ló lé ará Ganvié dórí omi o, kì í ṣe àgbàrá, àmọ́ òpó yẹn náà ló yọ wọ́n lọ́wọ́ omíyalé.

Nígbà tó yá ni ojú èèyàn là sódì. Wọ́n ní àwọn á dá omi dúró lọ́nà. Lóru ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1953, òkun já odi Nẹ́dálándì, èèyàn 1,836 kú. Amẹ́ríkà ti ń náwó sórí odi àti ìdídò látìgbà òfin ìdènà omíyalé ọdún 1936, síbẹ̀ òfò ń pọ̀ sí i. Gilbert White, onímọ̀ jọ́gíráfì, ló tú àdììtú yẹn nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe ní Yunifásítì Chicago lọ́dún 1942: bí wọ́n bá ti mọ odi tán, ọkàn àwọn èèyàn á balẹ̀, wọ́n á ya wá kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Ó ní odi nìkan kò tó, kí wọ́n wo ilé náà àti ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ní 1960, John Sheaffer, tóun náà jẹ́ olùwádìí ní Chicago, kọ ìwé odindi lórí bí a ṣe ń múra ilé sílẹ̀ de omi.

Ọ̀nà kan ni pé kí a dí ilé pa: ká rẹ́ ògiri, ká gbé irin dí ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń tan onílé. Bí omi bá ga ní mítà 1 lára ògiri, ohun tó ń ti gbogbo mítà 1 ìbú ògiri náà wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 10. Bó bá ga dé mítà 2, kì í ṣe àpò 20, àpò 40 ni. Búlọ́ọ̀kù wo ló fẹ́ gba ìyẹn? Bí ògiri bá sì dúró, omi á gba ihò ilé ìwẹ̀ yọ síni láàárín ilé.

Ọ̀nà kejì máa ń ya àwọn birikilà wa lẹ́nu bí mo bá sọ ọ́: dá ihò sí ògiri, kí omi wọlé. Bó bá ti ga bákan náà nínú àti níta, kò sí ohun tó ń ti ògiri mọ́. Abẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí nìkan ni wọ́n ń ṣe é sí, bí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ètò adójútòfò omíyalé tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1968 ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: bí àyè náà bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóòró, ihò méjì tó fẹ̀ ní íńṣì 12, tó ga ní íńṣì 6, ti tó o, kí ìdí ihò má sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ láti ilẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ní kí ilé máa léfòó. Ní Maasbommel, Nẹ́dálándì, àwọn ilé wà tó ń bá odò gòkè lẹ́bàá òpó wọn. Kunlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ń léfòó sí Mákòkó ní 2013. Òjò wó o ní oṣù kẹfà ọdún 2016.

Ní tèmi, ti àwọn ará àtijọ́ ló ṣì borí: gbé e ga. Odò Ògùnpa ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Omi tún ya bo ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, èèyàn tó lé ní 100 bá a lọ. Ìwọ tó fẹ́ da fáǹdéṣọ̀n lẹ́bàá odò n'Ìbàdàn, kọ́kọ́ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé lára ògiri lọ́dún 2011, kí o jẹ́ kí ilẹ̀ yàrá rẹ ga jù ú lọ. Bí wọ́n bá nawọ́ sí àtẹ́rígbà, wá ilẹ̀ mìíràn rà.