Òjìjí nínú Igbá, Òjìjí nínú Gíláàsì: Ìtàn Sísin Ẹ̀dá Omi Eléwu nínú Ilé, láti Calabar dé Àgbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Ìfáàrà

Àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní ìlú Èkó. Ó wà ní gbọ̀ngàn ilé ìtura, ó wà ní ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ó sì wà ní pálọ̀ ilé ní Festac Town àti ní àyíká Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ojú ohun ọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó. Wọ́n gbà pé ohun tó bá ti wà nínú gíláàsì, tí ènìyàn ń bọ́, tí ó sì ń pa omi rẹ̀ dà, ti di ẹran ọ̀sìn, kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ìgbàgbọ́ yìí ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò lójú ìtàn.

Ẹ̀dá méjì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Èkíní ni òjìjí, ẹja odò tó ń gbé mànàmáná nínú ara, tí àwọn Haúsá ń pè ní minjirya. Ìlú àwa Adúláwọ̀ ni ó ti wá, ó sì ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti ń kó o láàyè láti etíkun yìí lọ sí Yúróòpù. Èkejì ni ọ́kítópọ́ọ̀sì kékeré kan láti òkun tó jìnnà réré, tí oró rẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Àwọn méjèèjì jọra ní ọ̀nà kan: nígbà tí wọ́n bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n, tí wọ́n dé ọwọ́ ẹni tó kàn fẹ́ràn àwọ̀ wọn, ìgbà náà ni ewu wọn gan-an bẹ̀rẹ̀.

Òjìjí lọ́wọ́ àwọn apẹja

Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá wà ní etí ọ̀sà tó lọ sí Àgbádárìgì. Lónìí, àgbá ńláńlá tí wọ́n ń kó epo rọ̀bì tí wọ́n ti fọ̀ sí ni àlejò kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀, àti àwọn ọkọ̀ agbépo tó tò lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n omi ni ó ṣáájú epo ní àdúgbò náà. Odò Yewa ń ṣàn wọ inú ọ̀sà yìí láti òkè, òkun sì ń ti iyọ̀ wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà òjò, omi dídùn a borí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a padà. Ẹni tó bá ń pẹja nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní láti mọ irú ẹja tí oṣù kọ̀ọ̀kan ń gbé wá, kí ó tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n.

Inú omi dídùn ni òjìjí ń gbé. Ara rẹ̀ bọ̀rọ́, kò ní ìpẹ́. Kò sì ní lẹbẹ ní ẹ̀yìn àfi kékeré kan tó wà nítòsí ìrù. Ojú rẹ̀ kéré, ètè rẹ̀ nípọn, irùngbọ̀n mẹ́fà ni ó ní. Abẹ́ awọ ara rẹ̀ ni ohun tó ń pèsè mànàmáná wà, ó yí gbogbo ara rẹ̀ ká bí ẹ̀wù. Òjìjí ńlá lè tú mànàmáná tó tó fóòtì 350 jáde lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé fóòtì 230 ni iná ilé ní Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ wà, nítorí pé ti ẹja náà kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kékeré lọ, kì í sì í sábà pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ó lè gbé ènìyàn ṣubú sínú omi, ẹni tó bá sì ṣubú sínú omi nígbà tí apá rẹ̀ ti kú tipiri lè rì.

Àwọn apẹja mọ èyí láìka ìwé. Apẹja kì í fi ọwọ́ lásán mú òjìjí láàyè. Igi gbígbẹ ni ó fi ń tì í, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú. Nígbà tó bá kú tán, ó di ọbẹ̀ bí ẹja yòókù, wọ́n sì tún ń yan án. Àwọn oníṣègùn náà a máa wá a. Kò sí ohun ìyanu nínú gbogbo èyí. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣàkíyèsí ni pé orúkọ ẹja náà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìkìlọ̀. Ọmọ apẹja tó bá gbọ́ tí bàbá rẹ̀ pariwo “òjìjí!” á fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó bèèrè ohunkóhun.

Láti Calabar dé Berlin

Ní 1846 ni àwọn ajíhìnrere láti Scotland dé Calabar, Hope Waddell sì ni aṣáájú wọn. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìwàásù, wọ́n ń kó ewéko àti ẹranko ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní Edinburgh. Òjìjí wà lára ohun tí wọ́n kó. Ní 1855, Andrew Murray ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé, ó sì sọ ọ́ ní Malapterurus beninensis, orúkọ tó fa Benin wọ inú ọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Calabar ni ẹja náà ti wá. Irú àṣìpè bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, George Wilson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Edinburgh, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ wa mọ̀. Ó ní kí ènìyàn tó ṣe ẹ̀rọ amúnámáwá èyíkéyìí, ẹja alámànàmáná ni ẹ̀rọ mànàmáná àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé lò. Lára ẹ̀rí tó mú wá ni ìròyìn láti Calabar pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi òjìjí sínú ohun èlò tí omi wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sínú omi náà, kí mànàmáná ẹja náà lè fún un ní okun. Àwọn ará Róòmù ti ṣe ohun tó jọ ọ́. Ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Jésù, Scribonius Largus kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tí orí ń fọ́ gbé ẹja alámànàmáná ti inú òkun lé orí. Àwọn ará Íjíbítì pẹ̀lú ti ya òjìjí sára ògiri ibojì ní Saqqara ní nǹkan bí ẹgbàajì ọdún ó lé irínwó sẹ́yìn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá Calabar wọ̀nyí. Ní 1853 ni ọgbà ẹranko London ṣí ilé tí wọ́n ti ń fi ẹja hàn nínú gíláàsì. Ní 1854 sì ni ìwé Philip Henry Gosse, The Aquarium, jáde, tí sísin ẹja nínú gíláàsì sì di àṣà ní ilé àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún díẹ̀ kan náà yìí, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn obìnrin ti ń sin ẹ̀dá omi eléwu nínú ilé, nínú igbá àti àwo. Ìtàn tí wọ́n ń kọ́ ni nílé ìwé kì í ka tiwọn kún. Ọ̀nà ìtọ́jú wọn lè má bá ti ìṣègùn òde òní mu, kò sì sí olùkọ́ tó gbọ́dọ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan nínú wọn tí kò mọ ohun tó wà nínú igbá. Nítorí ohun tó lè ṣe ni wọ́n ṣe gbé e wálé, kì í ṣe nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ Yúróòpù náà mọ ohun tí wọ́n gbà. Theodor Bilharz tó wà ní Íjíbítì tẹ ìwé jáde ní 1857 lórí ẹ̀yà ara tó ń pèsè mànàmáná inú òjìjí. Ní ọdún kan náà, John Goodsir ní Edinburgh fi òjìjí láàyè láti Calabar ránṣẹ́ sí Emil du Bois-Reymond ní Berlin. Ẹ ronú sí ìrìn àjò náà: láti Calabar gba orí òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ibẹ̀ dé Jámánì, nínú ohun èlò omi, láìsí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Du Bois-Reymond rí i pé mànàmáná tó lè pa ẹja mìíràn nínú omi kan náà kì í ṣe òjìjí fúnra rẹ̀ ní ohunkóhun. Ó kọ àbájáde rẹ̀ ní 1858. Báyìí ni ẹja tí àwọn apẹja ń fi igi tì sẹ́yìn ṣe di ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa bí iṣan ara ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹja nínú gíláàsì ní Èkó

Òwò ẹja ọ̀ṣọ́ ti fìdí múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí òkun àti ẹja, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 tó sì wà ní Victoria Island, ti fi ojú sí i. Ní 2005, Mbawuike àti Ajado tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ibiajegbende àti ìrètí pé wọ́n lè di ohun títà sí òkè òkun. Inú odò àti irà ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú àwọn ẹja bẹ́ẹ̀. Òjìjí jẹ́ ọ̀kan lára ẹja ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olólùfẹ́ ẹja ní òkè òkun ń rà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Òjìjí tí wọ́n ń tà fún sísìn kì í ju ìka ọwọ́ lọ, mànàmáná rẹ̀ kò sì tíì ju kí ó gbọn ọwọ́ lọ. Ẹni tó rà á kò rí i bí ohun tí yóò gùn tó apá ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tà á fún un, tàbí kí wọ́n kàn pè é ní “catfish”, bí èyí tó wà nínú ọbẹ̀ ata. Ọmọ tí wọ́n bí sí Festac Town, tí kò gbọ́ orúkọ òjìjí rí, kò ní ohun tí yóò mú un fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti ilé nìkan. Àpótí ẹja ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, wáyà rẹ̀ sì so mọ́ iná ilé. Bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ gíláàsì náà bá gbọ̀n rìrì lójijì, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ẹja ni tàbí wáyà? Ẹni tó bá ti gbà pé ẹja ni yóò tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ wáyà tó ti bó. Ti wáyà kì í sì í dáwọ́ dúró bí ti ẹja. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan irú omi bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó yọ wáyà kúrò lára iná, kí ó sì fi igi tàbí ike gbé ẹja náà sọ́tọ̀. Òjìjí kì í bá ẹja mìíràn gbé; yóò pa wọ́n tán.

Oró tí kò ní ẹ̀rọ̀

Mànàmáná òjìjí ṣì fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe. Oró ọ́kítópọ́ọ̀sì olórùka búlúù kò fi àyè sílẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú òkun Èkó. Èyí tí àwọn apẹja Senegal àti Mauritania ń kó fún títà sí òkè òkun jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, oúnjẹ sì ni. Láàárín Japan àti Ọsirélíà ni olórùka búlúù ti wá. Kò tóbi ju ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè gbá mú lọ, òrùka ara rẹ̀ sì máa ń tàn yanran nígbà tí inú bá ń bí i. Ẹwà yìí ni àwọn olùsìn ẹja ń lépa. Fíìmù James Bond kan, Octopussy, tó jáde ní 1983, fi í hàn nínú àpótí gíláàsì, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà láti ìgbà náà pé ibẹ̀ ni ó yẹ ẹ́.

Tetrodotoxin ni orúkọ oró rẹ̀, irú rẹ̀ ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹja tó máa ń wú bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ìgéjẹ rẹ̀ kì í sábà dun ènìyàn, nítorí náà ẹni tó gé jẹ lè máà mọ̀ títí ètè rẹ̀ yóò fi kú tipiri. Lẹ́yìn náà ni apá àti ẹsẹ̀ yóò kọ iṣẹ́, tí iṣan tí ènìyàn fi ń mí yóò sì dákẹ́. Ní 1954, nítòsí Darwin ní Ọsirélíà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ́ kí ọ́kítópọ́ọ̀sì kékeré kan rìn lórí èjìká rẹ̀ bí ẹni ń bá ohun ìṣeré ṣeré; ó kú lọ́jọ́ náà.

Fún ẹni tí paramọ́lẹ̀ tàbí sèbé bá bù jẹ ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ apoò wà tí wọ́n ṣe nítorí ejò ilẹ̀ wa gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi gbogbo ìgbà wà ní ilé ìwòsàn. Fún tetrodotoxin, kò sí abẹ́rẹ́ kankan níbikíbi láyé. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbani là ni kí ẹlòmíràn máa mí fún ẹni náà, ní ẹnu sí ẹnu lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn, fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí oró náà yóò fi jáde lára.

Òfin kò tíì dé ibẹ̀ dáadáa. Òfin ọdún 1985 lórí òwò ẹranko tó ń parun, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ń dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ ènìyàn. Kì í ṣe nítorí kí ó lè dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ẹranko ni wọ́n ṣe é. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó kìnnìún kan jáde nínú ilé kan ní Victoria Island, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn aládùúgbò ló fi ẹjọ́ sùn. Kìnnìún ń bú, ó ń rùn, ó sì ń jẹ ẹran. Ohun tó wà nínú àpótí gíláàsì kì í bú, aládùúgbò kì í sì í gbọ́ ohùn rẹ̀.

Láti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá dé ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń báni mí, ọkọ̀ ní láti la àárín àwọn ọkọ̀ agbépo kọjá. Ẹni tí tetrodotoxin bá mú kì í sábà sùn lọ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò kàn lè fèsì ni. Nítorí náà, àwọn tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ó ti kú kí wọ́n sì dáwọ́ mímí fún un dúró.